Nọ́ńbà Tí Gbogbo Ìjọ Mọ̀

Ẹni tí kò bá mọ Herbert Ògúnrìndé ní àdúgbò Òwu, ní Abẹ́òkúta, onítọ̀hún kò tíì wọ ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀ rí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìṣirò kí ó tó fẹ̀yìntì, ó sì ti ń tẹ dùùrù ìjọ láti ìgbà èwe rẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, a-wọ-bàtà-dídán, tí kì í jókòó sídìí dùùrù láìkọ́kọ́ fi aṣọ funfun nu ọwọ́ méjèèjì. Bí orin bá yára jù, ojú rẹ̀ a le. Bí ó bá falẹ̀ jù, ojú náà a tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Dùùrù tí ó fi kọ́ṣẹ́, dùùrù onífèrè ni, tí àwọn baba ìjọ fi ọkọ̀ òkun kó wá, tí afẹ́fẹ́ ń gba inú fèrè rẹ̀ kọjá bí èémí ènìyàn. Bàbá Ọlátúndé, atẹdùùrù tí ó ṣáájú rẹ̀, ni ó kọ́ ọ, pẹ̀lú rúlà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ikán kò mọ ohun ọ̀wọ̀. Dùùrù náà bẹ̀rẹ̀ sí dákẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí ìjọ fi pinnu ní ọdún méjì sẹ́yìn láti tú u palẹ̀. Kí wọ́n tó tú u, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Herbert fi gbé fóònù tì í, tí ó ń gba ohùn fèrè kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, títí kan fèrè kan lápá òsì tí ó máa ń húkọ́ díẹ̀ kí ó tó dún. Nígbà tí ìjọ ra kíbọ́ọ̀dù ńlá, irú èyí tí àwọn olórin ń gbé sórí ìtàgé, oṣù mẹ́rin ni ó fi to àwọn ohùn náà sínú rẹ̀. Ó tò ó, ó tún un tò, títí ẹni tí ó bá dijú fi lè búra pé dùùrù àtijọ́ ti jí.

Kò pẹ́ tí ọwọ́ fi pọ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù náà. Àwọn tí ó wá ṣe ìgbéyàwó a mú atẹdùùrù tiwọn wá. Bí wọ́n bá lọ tán, Herbert a bá ohùn kan níbi tí kò fi í sí. Lọ́jọ́ kan, láàárín ìsìn òkú, ìlù ijó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí dún láti inú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Herbert ti fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tì í, tí kò sì sọ nọ́ńbà náà fún ẹnikẹ́ni, àní fún àlùfáà pàápàá. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ohun tí a bá ti tì, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ewu, bẹ́ẹ̀ ni ó rò.

Ní oṣù tí ó kọjá, Bàbá Ọlátúndé ránṣẹ́ láti Kọ́bapẹ́, níbi tí ó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, ojú rẹ̀ ti fọ́, kò sì tíì dé ṣọ́ọ̀ṣì láti ọdún mẹ́ta. Ó ní òun ń bọ̀ ní ọjọ́ Àìkú: òun fẹ́ gbọ́ ohùn dùùrù òun lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó lọ.

Ní òwúrọ̀ Sátidé tí ó ṣáájú rẹ̀, Herbert wọ ṣọ́ọ̀ṣì láti fi orin dánra wò. Ó bá Christianah, aṣáájú orin Ẹgbẹ́ Ìyá, ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù, gèlè lọ́wọ́.

“Bùrọ̀dá Herbert, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ jókòó.”

“Ṣé ènìyàn kú ni?”

“Ènìyàn ò kú, sà. Kíbọ́ọ̀dù yìí ni mi ò mọ̀ bóyá ó kú.”

“Kíbọ́ọ̀dù tí mo tì? Ta ni ó fún ọ ní nọ́ńbà?”

Christianah wò ó bí ẹni tí ó bi ọmọ Abẹ́òkúta léèrè ibi tí Olúmọ wà. “Nọ́ńbà wo? Irínwó ó lé mẹ́tàdínlógún? Ta ni kò mọ orin yín? Ẹ tẹ̀ ẹ́ níbi ìgbéyàwó mi, ẹ tẹ̀ ẹ́ níbi ìsìnkú ìyá mi, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ìjọ ń ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun! Ẹ̀yin náà lẹ máa ń ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí pátákó orin. Gbogbo Ẹgbẹ́ Ìyá ló mọ̀ ọ́n.”

Orin tí wọ́n fẹ́ kọ ni ó ga ju ohùn àwọn ìyá lọ. Christianah fẹ́ mú un wálẹ̀ díẹ̀. Ó tẹ èyí, ó tẹ tọ̀hún.

“Ó wá ń kọ ìbéèrè jáde lójú dígí rẹ̀,” ni ó wí, “mo sì ń dá a lóhùn ‘bẹ́ẹ̀ ni’. Ṣé n óò máa bá ohun ìní ìjọ jiyàn ni?”

Herbert nu ọwọ́, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn tí ó jáde tutù, ó ń dán bí abọ́ tuntun. Kíbọ́ọ̀dù náà ti padà sí bí ó ti rí lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ọ́ nínú páálí. Fóònù tí ó fi gba ohùn àwọn fèrè sílẹ̀ ti bọ́ sínú kànga láti èṣí. Olùkọ́ tí kì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tí kò bá dà á kọ sínú ìwé méjì, òun gan-an kò ní ẹ̀dà kan ṣoṣo. Nọ́ńbà ni ó gbẹ́kẹ̀ lé.

Wọ́n gbé kíbọ́ọ̀dù sẹ́yìn ọkọ̀ Christianah, ó di Òṣíẹ̀lẹ̀, lọ́dọ̀ Jùbrílù tí ń tún rédíò àti ohun èlò orin ṣe. Òun ni ó tún un ṣe lọ́dún tó kọjá, nígbà tí alángbá yé ẹyin sínú rẹ̀. Wọ́n bá a bí ó ti ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

“Jùbrílù, ṣé o lè mú un kí ó pọ ohun tí ó gbé mì?”

Jùbrílù yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí. “Tíṣà, ohun tí wọ́n nù kúrò, kò sí níbẹ̀ mọ́.”

Christianah ké, “Yéè! Mo ti pa ìjọ lára!”

“Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, Màmá. Aránṣọ ni bàbá mi. Kì í fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ ẹni láìkọ́kọ́ gé irú rẹ̀ lára bébà. Èmi náà, n kì í tú ikùn ohunkóhun láìkọ́kọ́ gba ẹ̀dà ohun inú rẹ̀.”

Ó sọ agolo mílíìkì kan kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó mú fláàṣì kan tí ó kó ẹ̀dà sí, tí ó fi bébà wé, jáde nínú rẹ̀. Ohun tí ó kọ sára bébà náà ni: *Ṣọ́ọ̀ṣì Òwu. Tíṣà oníbàtà dídán.*

Herbert jókòó gbì sórí àpótí amóhùnmáwòrán àlòkù kan, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Èéṣe tí o kò sọ fún mi láti ìgbà yẹn?”

“Ẹ ò bi mí. Ẹ ní ẹ ti fi nọ́ńbà tì í, ó ti parí.”

“Dúró ná. Báwo ni ìwọ ṣe ṣí i?”

“Ọjọ́ mẹ́ta gbáko lẹ fi jókòó tì mí, orin kan ṣoṣo lẹ ń kùn. Mo béèrè nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni.”

Kí oòrùn tó rọlẹ̀, àwọn ohùn náà ti padà sí àyè wọn. Herbert ní kí Jùbrílù ṣe ẹ̀dà méjì mìíràn. Ó mú ọ̀kan, ó fi ìkejì sọ́wọ́ Christianah. Ó ya àyè kan sọ́tọ̀ fún Ẹgbẹ́ Ìyá nínú kíbọ́ọ̀dù, ó sì fi hàn án bí a ti ń mú ohùn wálẹ̀ láìba nǹkan jẹ́. Ó ṣí ojú ewé ìkẹyìn ìwé orin kí ó tó yan nọ́ńbà tuntun, èyí tí ó kọjá orin tí ó kẹ́yìn pátápátá.

Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n mú Bàbá Ọlátúndé jókòó síwájú. Herbert nu ọwọ́, ó tẹ̀ ẹ́. Láàárín ẹsẹ kejì, fèrè apá òsì húkọ́ kí ó tó dún, arúgbó náà sì gbé orí sókè.

Lẹ́yìn ìsìn, Herbert dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀. “Bàbá, ẹ káàbọ̀, sà. Ó ní ohun kan tó yẹ kí n sọ nípa dùùrù yìí.”

“Pé wọ́n ti tú u? Ọmọ mi ti sọ fún mi. Ojú mi ló fọ́, etí mi ò di. Mo wá gbọ́ bóyá ẹ jẹ́ kí ohùn rẹ̀ kú ni.” Ó na ọwọ́, ó wá orí Herbert rí, ó gbé e lé e. “Ṣùgbọ́n ogójì ọdún ni mo fi ń pariwo nípa fèrè òsì yẹn, Herbert.”

“Ẹ má bínú, sà. N óò tún un ṣe.”

“O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.”