Ẹyin Èrè, Ẹyin Erè

Òórùn ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù tí ooru iná ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nílé wa ní Inísà, ní ọdún tí mo fẹ́ wí yìí. Kì í ṣe ti ọ̀lẹ̀lẹ̀, kì í sì í ṣe ti ẹ̀kọ. Ẹyin ló wà lábẹ́ ewé náà, ẹyin mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí bàbá mi tò sínú agbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ìyá mi, tó ń bẹ̀ wọ́n wò bí ẹni ń bẹ ìyàwó tuntun wò. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ti jókòó nínú ilé ìdáná elérùpẹ̀ rí, ẹ mọ̀ pé èéfín a máa bo gbogbo òórùn mọ́lẹ̀. Ti ẹyin yìí kò ṣe é bò. Ó ń rùn bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá pa bàtà awọ.

Ẹ má rò pé irọ́ ni mo fẹ́ pa fún yín. N ó pa díẹ̀, ṣùgbọ́n n ó máa fi ibi tí mo pa á sí hàn yín.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Ó lọ sí Ìkìrun lọ́jọ́ kan, ó rí ọkùnrin kan tó ń sin adìẹ funfun, adìẹ àgíríìkì, tó ń yé lójoojúmọ́ bí ẹni pé wọ́n fi í búra. Láti ọjọ́ yẹn, ara bàbá mi kò balẹ̀ mọ́. Òun náà fẹ́ sin nǹkan, òun ló sì fẹ́ kọ́kọ́ sìn ín ní Inísà. "Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni iṣu ń ta," ló máa ń wí. "Nǹkan tó ń yé ni kí èèyàn ní." Ó sọ ọ́ fún gbogbo ayé, ó sì sọ ọ́ fún Ògúndélé, àbúrò àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe ọdẹ ní Òkukù, pé bó bá rí ohun tó lérè lórí, kó rántí òun.

Kò pẹ́ sígbà náà, aláṣọ kan tó ń ná ọjà Inísà gbé agbọ̀n kan sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ níwájú ilé wa. Ó ní Ògúndélé ló ní kí òun gbé e fún bàbá mi, pé ẹyin ni, òun ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà wà lórí rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, bí ọmọ bá fẹ́ fi iyọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní ojúlé kejì, lẹ́tà ni yóò bá iyọ̀ náà rìn. Ògúndélé ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n akọ̀wé kan wà lẹ́bàá téṣàn rélùwéè Òkukù tó ń bá gbogbo ayé kọ lẹ́tà.

Èmi Àlàbí nìkan ló mọ̀wé nínú agboolé wa. Kíláàsì kẹta ni mo wà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ilé ìwé di ọ̀fẹ́ ni, inú bàbá mi kò sì dùn sí ọ̀fẹ́ náà rárá. "Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni. Ta wá ni yóò bá mi roko? Ìjọba?" Lọ́jọ́ yẹn, ó fi lẹ́tà lé mi lọ́wọ́ lójú gbogbo ará ilé. "Àlàbí, kà á. Òní ni n ó mọ̀ bóyá ìwé tí ò ń lọ kà yìí wúlò. Bó bá wúlò, máa lọ. Bí kò bá wúlò, ọkọ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Mo tú u. Ohun tí akọ̀wé kọ síbẹ̀ nìyí, bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́: "Eyin ere ni mo fi ranse si yin. E ma fi won pamo sinu ooru."

Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Ìhòòhò ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà, èmi ni mo wá fi aṣọ wọ̀ wọ́n. Mo kà á sókè ketekete: "Ẹyin èrè ni mo fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ máa fi wọ́n pamọ́ sínú ooru."

"Ẹyin èrè!" Bàbá mi gbé mi sọ sókè. "Ọmọ mi, ìwé yìí wúlò!"

Ẹyin náà tóbi ju ti pẹ́pẹ́yẹ lọ, wọ́n funfun, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ara wọn bí ọmọ ìyá. Ọ̀kan tó dá wà já bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi, kò fọ́. Ó kàn jókòó sílẹ̀ bí àlejò. Ìyá mi wò ó títí. "Bàbá Àlàbí, ẹyin wo ni kì í fọ́? Ẹ jẹ́ ká ránṣẹ́ lọ bèèrè. Abèèrè kì í ṣìnà."

"Ẹyin òyìnbó ni," bàbá mi dáhùn. "O rò pé òyìnbó á ṣe ẹyin tó ń fọ́?"

Làmídì, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níwájú ilé wa, gbè é lẹ́sẹ̀. "Wàláì, rọ́bà ni wọ́n fi ṣe èèpo ẹ̀. Ẹ bi mí, mo mọ rọ́bà."

Adìẹ ìyá mi la kọ́kọ́ gbé ẹyin náà fún. Adìẹ wo ẹyin, ó wo bàbá mi, ó sì kó lọ sílé Làmídì, kò padà wá mọ́ títí a fi gbàgbé orúkọ rẹ̀. Níbí yìí ni mo fi díẹ̀ kún un. Adìẹ náà kò lórúkọ.

Bí bàbá mi ṣe di adìẹ fúnra rẹ̀ nìyẹn. Ó tẹ́ òwú sínú agbọ̀n, ó to ẹyin lé e, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù bò ó, ó sì gbé e síbi tí ooru ààrò á dé tí iná kò ní dé. Láràárọ̀ ló ń ki ọwọ́ bọ abẹ́ ewé. Bó bá gbóná jù, ìyá mi á yọ igi. Bó bá tutù, á koná mọ́ ọn, ì báà jẹ́ pé omi ọbẹ̀ ti gbẹ tán. Oṣù méjì gbáko la fi jẹ ọbẹ̀ tó jóná. "Ẹ̀yin àti ẹyin yín lẹ ó jọ jẹ ẹ́," ni ìyá mi máa ń wí, á sì gbé abọ́ kalẹ̀ gbàgà.

Ìròyìn tàn. Àwọn tí kì í kí bàbá mi tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀. Ọkùnrin kan ti Ìbà wá, ó ní kí wọ́n bá òun fi akọ kan àti abo kan sílẹ̀. Òmíràn ti Ìgbàyè wá gbàdúrà sórí agbọ̀n, ó ní kí ó bí sí i, kí ó rẹ̀ sí i. Làmídì fi wáyà kẹ̀kẹ́ àlòkù kan ilé adìẹ tó ní fèrèsé. Bàbá mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọra rìn bí olóyè, ó ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn lórí ohun ọ̀sìn, òun tí kò tíì rí ojú ohun tó ń sìn. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára," ló ń sọ fún wọn, "làákàyè ni."

Èmi ńkọ́? Lọ́yà ni wọ́n ń pè mí. Mo ń ka lẹ́tà fún wọn, mo ń ka kàlẹ́ńdà, mo ń ka ara páálí ìṣáná. Bàbá mi kò mẹ́nu ba ọkọ́ mọ́. Ó ní bí mo bá ṣe tán ní Inísà, Ìkìrun ni òun ó rán mi lọ, kí n lọ kà á débi tó parí sí.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan. Èèpo àwọn ẹyin náà ti ń tẹ̀ wọnú láti bí ọjọ́ mélòó kan, bàbá mi sì ti kéde pé wọ́n fẹ́ pa ni. Agboolé kún. Ìyá mi ló ṣí ewé. Ó wo inú agbọ̀n, kò pariwo, ó rọra fi ewé bò ó padà, ó sì kúnlẹ̀.

"Bàbá Àlàbí, ẹ wá kí àwọn ọmọ yín. Wọn ò ní apá, wọn ò ní ẹsẹ̀, àmọ́ wọ́n rẹwà."

Bàbá mi ṣí i. Orí mọ́kànlélọ́gbọ̀n yọ síta láti ojú èèpo tó ya, bí ọmọ ilé ìwé lójú fèrèsé, gbogbo wọn ń yọ ahọ́n sí wa. Erè ni! Ejò kan náà tí ẹlòmíràn ń pè ní òjòlá. Ará Ìbà tó wá mú akọ àti abo sá gba ọ̀nà Ìgbàyè lọ. Làmídì bá ara rẹ̀ lórí òrùlé páànù wa láìlo àkàbà. "Mo sọ fún wọn!" ló ń ké. "Wàláì, mo ní èyí kì í ṣe adìẹ!"

"Ọ̀gbẹ́ni onírọ́bà, sọ̀kalẹ̀ wá kó ti ẹ," ìyá mi dá a lóhùn. Níbí yìí, mi ò fi nǹkan kan kún un.

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n lọ pe tíṣà mi wá, kí Làmídì sì gun kẹ̀kẹ́ lọ gbé Ògúndélé wá láti Òkukù. "Bí tíṣà bá ka lẹ́tà yẹn bí Àlàbí ṣe kà á, a jẹ́ pé Ògúndélé ló ṣẹ̀ mí. Bí kò bá kà á bẹ́ẹ̀, Àlàbí, o mọ ibi tí ọkọ́ wà."

Mo sá lọ sẹ́yìnkùlé, mo gbàdúrà bí mi ò ṣe gbà á rí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní, Olúwa, má jẹ́ kí tíṣà mọ̀ ọ́n kà.

Tíṣà dé pẹ̀lú táì lọ́rùn. Ó nu awò ojú rẹ̀, ó na lẹ́tà síwájú, ó sì fi ohùn ìwàásù kà á: "Ẹyin ère ni mo fi ránṣẹ́ sí yín." Ló bá ká a. "Ère ni wọ́n kọ síbí, ère tí wọ́n fi igi gbẹ́. Ọ̀rọ̀ ìbọ̀rìṣà ni, Bàbá Àlàbí. Mi ò lè bá yín dá sí i."

Díẹ̀ ló kù kí n jó. Ọlọ́run ti gbọ́.

Ẹnu ẹ̀ la wà tí Ògúndélé fi sọ̀ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Làmídì. Ó yọjú wo agbọ̀n, ó sì fi ẹ̀rín dìmọ́ ògiri. "Ẹ̀gbọ́n, erè ni mo wí! Erè! Mo pa ìyá wọn lóko, mo jẹ ẹran ẹ̀, mo wá fi ẹyin ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín kẹ́ ẹ fi sebẹ̀. Mo ní kẹ́ ẹ má fi wọ́n pamọ́ sínú ooru, kí wọ́n má baà di ọmọ mọ́ yín lọ́wọ́!"

Tíṣà wúkọ́. "Akọ̀wé yẹn ni kò fi àmì sí i."

Bàbá mi wo tíṣà, ó wò mí. "Ọdẹ tí kò mọ ABD ló mọ ohun tó wà nínú ìwé yìí," ló wí. "Ẹ̀yin méjì tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n. Bí tíṣà fúnra ẹ̀ ò bá mọ̀ ọ́n kà, kí ni ọmọ mi ń lọ kọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀? Àlàbí, gbé ọkọ́."

Àdúrà mi gbà. Ó gba ilé ìwé lọ́wọ́ mi.

Ògúndélé kó àwọn erè náà lọ tú sígbó lẹ́bàá odò Ọ̀tìn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó gbà pé òun gbàdúrà sórí agbọ̀n, kò sì sí ẹni tó bèèrè akọ àti abo.

Mo ti dàgbà ju bí bàbá mi ṣe wà nígbà yẹn lọ fíìfíì, nǹkan kan sì wà tí mi ò sọ fún un títí ó fi lọ. Lọ́jọ́ tí mo tú lẹ́tà yẹn, mo rí erè níbẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Ta ni ọmọ oko tí kò mọ erè? Ṣùgbọ́n mo gbójú sókè, mo rí ojú bàbá mi, bó ṣe là, bó ṣe ń retí, mo sì ka ohun tó wà lójú rẹ̀ fún un. Ọmọ kíláàsì kẹta yẹn mọ ojú kà ju ìwé lọ. Èmi àgbà yìí ti fi ọwọ́ ara mi kọ́ ìwé tó kù, mo ń ka ìwé ìròyìn láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí àmì tó lè tàn mí jẹ mọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ mi bá ti Ìbàdàn wálé, tí mo bi wọ́n pé kí ló dé tí ara wọn kò yá gágá, tí wọ́n ní, "Kò sí nǹkan, Bàbá," mo máa ń wo ojú wọn títí, mi ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀.