Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Ìyá Ọkọ Mi Nítorí Tẹlifíṣọ̀n

Ọdún kejì lẹ́yìn tí ọkọ mi kú ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ètò tí wọ́n ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ sínú ilé kan, tí kámẹ́rà á máa ṣọ́ wọn tọ̀sán-tòru, tí àwọn èèyàn á sì máa dìbò lé wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi ku ẹnì kan ṣoṣo. Mo ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún nígbà náà. Mò ń ta bọ́tìnnì, síìpù àti òwú fún àwọn télọ̀ ní Ọjà Balógun, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ àsàlátù àdúgbò wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Irú èmi kọ́ ló yẹ kí wọ́n bá nídìí irú ètò bẹ́ẹ̀. Èmi fúnra mi ti bá àwọn tó ń wò ó wí rí.

Ìbáwí náà ló sì mú mi débẹ̀. Ọmọbìnrin télọ̀ kan wá ra síìpù lọ́wọ́ mi, ó ń wo ètò náà lórí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé kò gbọ́ iye tí mo pe ọjà. Mo sún mọ́ ọn kí n lè rí ohun tí mo fẹ́ tìtorí ẹ̀ bá a wí. Kí n tó rántí pé ìbáwí ni mo wá ṣe, wọ́n ti pe ìrun Àlásárì. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni mo lọ san owó díkódà.

Ilé ẹbí ọkọ mi la ń gbé, èmi àti ìyá ọkọ mi. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ti wà nílé ọkọ. Ìyá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, orúnkún sì ń dà wọ́n láàmú. Nígbà tí ọkọ mi wà láyé, òun ló máa ń wà láàárín wa tá a fi ń sọ̀rọ̀, tó máa ń sọ tibí fún tọ̀hún. Nígbà tó lọ tán, ìkíni nìkan ló kù. Màá ní, “Ẹ káàárọ̀, mà.” Wọ́n á ní, “Ìyàwó, ṣé dáadáa lo jí?” Ó tán nìyẹn. A ò jà o. Bí mo bá wojú wọn ni mò ń rí ojú ọmọ wọn, mo sì rò pé bó ṣe ń ṣe àwọn náà nìyẹn tí wọ́n bá rí mi. Wọ́n á jẹun, màá kó abọ́, màá lọ fọ̀ ọ́.

Bí mo bá ti ọjà dé, màá ti ilẹ̀kùn pálọ̀ pa, màá dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù, màá wá jókòó. Ìyá náà wà níbẹ̀ lórí àga wọn, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Mo rò pé ọkàn wọn ò sí níbẹ̀ rárá.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan nínú ilé yẹn se oúnjẹ, àwọn yòókù jẹ ẹ́ tán, wọn ò ṣẹ́ tiẹ̀ kù. Kò sọ nǹkan kan. Ó kó gbogbo abọ́ wọn, ó lọ ń fọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn Ìyá lẹ́yìn mi:

“Kí ló dé tí ò sọ̀rọ̀? Ṣé wọ́n gé ahọ́n ẹ̀ ni?”

Mo yíjú padà. “Ìyá, ẹ̀ ń wò ó ni?”

“Ṣé o rò pé ojú mi ti fọ́ ni?”

Láti ọjọ́ náà la ti jọ ń wò ó. Orúkọ àwọn ọmọ náà kò yí wọn lẹ́nu, ni wọ́n bá sọ wọ́n lórúkọ tiwọn: Aláriwo, Onírun Pupa, Ẹlẹ́kún. Ọmọbìnrin tó ń fọ abọ́ yẹn, wọ́n pè é ní Afọbọ́.

“Wo Afọbọ́,” wọ́n wí lọ́jọ́ mìíràn. “Ẹni tó bá ń fọ abọ́ báyẹn, ó ń bínú sí ẹnì kan.”

Mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí. Mo dá wọn lóhùn, mi ò wẹ̀yìn, “Bóyá kì í ṣe ìbínú, Ìyá. Bóyá kò mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni.”

Wọ́n ní, “Kó bẹ̀rẹ̀ níbi tó bá wù ú. Ta ló máa lé e?”

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn la kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ọkọ mi. Wọ́n sọ fún mi bó ṣe já sínú ọ̀sà nígbà tó wà lọ́mọdé, tó fi aṣọ tútù pa mọ́ sábẹ́ ẹní wọn fún ọjọ́ mẹ́ta, tó fi jẹ́ pé òórùn ló tú u fó. Èmi náà sọ bó ṣe máa ń kọrin ní balùwẹ̀ bí inú bá ń bí i, tí orin náà á máa ròkè bí ìbínú ṣe ń pọ̀. A rẹ́rìn-ín, a sì sunkún. Láti ìgbà tó ti kú ni mo ti ń lo oògùn oorun. Lọ́sẹ̀ yẹn, mo gbàgbé láti lò ó, mo sì sùn.

Ọ̀rọ̀ ìtìjú mi bẹ̀rẹ̀ níbí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń lé ẹnì kan jáde, àkókò yẹn náà sì ni àsàlátù wa. Mi ò lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léraléra. Mo ránṣẹ́ pé orúnkún Ìyá ni kò jẹ́ kí n lè fi wọ́n sílẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kẹrin, ìyá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wa mú obìnrin méjì dání, wọ́n ra ọsàn àti òróró ìpara fún orúnkún, wọ́n wá kí wa. Mo ti gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n sọ pé “Àsàlámù àlékùm,” wọ́n ti wà nínú pálọ̀, àwọn ọmọbìnrin inú tẹlifíṣọ̀n sì wà nínú odò ìwẹ̀, pátá àti kọ́mú ni gbogbo ohun tó wà lára wọn. Mo ń wá rìmóòtù káàkiri, mi ò rí i.

Olórí wa wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wò mí. “Alhaja, kí lèyí?”

Kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn. Mo ní, “Ẹ má bínú, mà. Ìyá ló ní kí n tàn án fún àwọn. Ẹ ṣáà mọ bí àgbà ṣe ń rí.”

Ìyá gbójú sókè, wọ́n wò mí. Kò pẹ́ rárá. Wọ́n wá yíjú sí àwọn àlejò. “Èmi ni o,” wọ́n wí. “Èmi ni mo ní kó tàn án.”

Olórí wa wáàsí fún wọn lórí ìdúró. Obìnrin tó fi bí ogún ọdún dàgbà jù wọ́n lọ ni wọ́n ń sọ fún pé sàréè ti sún mọ́lé. Ìyá tẹrí ba, wọ́n ń ní, “Òótọ́ ni, òótọ́ ni.” Èmi lọ bó ọsàn fún àwọn àlejò.

Mi ò tan tẹlifíṣọ̀n mọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ nílé kejì sí tiwa. Ìyá ló máa ń ṣe àdúrà ìparí fún àwọn obìnrin níbi irú ìkómọ bẹ́ẹ̀, torí àwọn ni ọjọ́ orí wọn pọ̀ jù. Nígbà tó kan àdúrà, Ìyá ti tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Olórí wa ní kí ẹlòmíràn ṣe é. Ọwọ́ Ìyá wà lókè fún ìṣẹ́jú kan. Wọ́n wá sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n fi ń ra orúnkún wọn bíi pé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo jókòó sí. Mo ń ṣe Àmín.

Ìkíni nìkan ló tún kù láàárín wa. Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá kí Ìyá tó béèrè lọ́wọ́ mi níbi tí mo ti ń gbé oúnjẹ síwájú wọn:

“Afọbọ́ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti lé e?”

Mo gbé abọ́ kalẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“O pa irọ́ mọ́ mi, ẹ̀rù ló bà ọ́, ìyẹn yé mi,” wọ́n wí. “Àmọ́ o tún wá dákẹ́. Ọmọ mi kú, ó ku ìwọ tí mo lè bá sọ̀rọ̀ ẹ̀, ìwọ náà wá pa tẹlifíṣọ̀n, o pa ẹnu ẹ dé. Èyí ló dùn mí jù. Dìde, oúnjẹ ń tutù.”

Mo ní màá sọ òótọ́ fún ẹgbẹ́. Wọ́n ní ìyẹn wà lọ́wọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbà mí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń lọ, tí mò ń padà wálé láìsọ ọ́. Lọ́jọ́ tí mo wá dìde sọ ọ́, obìnrin kan lẹ́yìn fi ikọ́ bo ẹ̀rín. Olórí wa ní, “Kí Ọlọ́run forí jì wá.” Wọ́n ní kí n mú Ìyá wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti wá ṣàdúrà. Ṣùgbọ́n orúnkún wọn ti wú nígbà yẹn, wọn ò lè rìn débẹ̀ mọ́. Irọ́ tí mo fi orúnkún yẹn pa ti wá di òótọ́. Ẹgbẹ́ ló wá bá wọn nílé. Ìyá ṣe àdúrà tó gùn, wọ́n dárúkọ ọmọ wọn, wọ́n dárúkọ èmi náà. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mò ń wò títí wọ́n fi ṣe é tán.

A ṣì ń wo ètò náà bó bá ti dé lọ́dọọdún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà mi kan bá a lórí fóònù mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó béèrè pé, “Alhaja, kí lẹ̀ ń rí nínú nǹkan yìí gan-an?” Ǹ bá ti sọ fún un pé ibẹ̀ ni mo ti rí ẹnu bá ìyá ọkọ mi sọ̀rọ̀, pé ibẹ̀ ni oorun mi ti padà wá. Mo kàn da fóònù dojú dé. Mo ní, “Mo kàn fi ń najú ni,” mo bi í pé irú síìpù wo ló fẹ́.