Mi Ò Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Ọ̀rá Bo Ìwé Ìdílé Náà

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá wa gbé páálí kan ka orí tábìlì mi. Ó ní kí n gbé e lọ sí Agbowó, kí wọ́n bá wa láàmínéètì gbogbo bébà tó wà nínú rẹ̀ kí ó tó di Ọjọ́bọ̀. Mo ní mi ò ní gbé e lọ. Ọdún kẹrìndínlógún mi nìyẹn nílé ìpamọ́ ìwé àtijọ́ ní yunifásítì, mi ò sì tíì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀gá kankan rí.

Iṣẹ́ wa ni pé kí á gba ìwé lọ́wọ́ àwọn ìdílé ní Ìbàdàn àti àwọn ìlú tó yí i ká: lẹ́tà, ìwé ilẹ̀, ìwé ìpàdé ẹbí, ìwé owó orí. A ó nù ún, a ó tò ó, a ó sì tọ́jú rẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ kà á lè rí i kà. Àwọn tó kàwé gboyè ló ń kọ àpèjúwe rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Èmi kò kọjá ilé ẹ̀kọ́ girama. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni ìwé máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí, pẹ̀lú eruku àti ìgbẹ́ aáyán.

Bàbá Àkànmú, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí, ló kọ́ mi níṣẹ́. Bí mo bá fi agbára nu ìwé, wọ́n á wò mí lábẹ́ jígí ojú wọn, wọ́n á ní, "Ìyá Bísí, ṣé ìkòkò lò ń họ ni?" Àwọn ni wọ́n fi ọparun gbẹ́ ọbẹ pẹlẹbẹ kan fún mi, tó tín-ín-rín létí bí èékánná, tí mo fi ń ya bébà tó bá lẹ̀ mọ́ra. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi: "Ohunkóhun tí o bá ṣe sí ìwé, rí i pé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ lè tú u."

Láàmínéètì kò ṣeé tú. Wọ́n á ki bébà sáàárín ọ̀rá méjì, ẹ̀rọ gbígbóná á sì lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Kò sí òbí tí kò mọ̀ ọ́n ní ìlú yìí. Ní Agbowó, bí o bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì kan, o ti dé òmíràn, gbogbo wọn ló sì ń ṣe é.

Èmi náà ti ṣe é rí. Ní ọdún tí mo wọṣẹ́, òjò jò wọ yàrá wa, ó sì rin àpò tí mo ń kó ìwé sí. Mo jẹ́ ẹni tí ẹ̀rù máa ń bà lórí ọmọ. Títí di òní, bí Bísí bá pẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo sáré gbé ìwé-ẹ̀rí ìbí rẹ̀ lọ sí Agbowó, wọ́n sì fi ọ̀rá bò ó. Ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tí mo wá gbé e dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti nílò rẹ̀, akọ̀wé tó wà níbẹ̀ fi èékánná kàn án, ó ní, "Màmá, a kì í lu òǹtẹ̀ sórí ọ̀rá." Mo délé, mo fi bíléèdì bó o. Ìdajì orúkọ ọmọ mi bá ọ̀rá lọ. Ìbẹ̀rù ni mo fi ba ìwé ọmọ mi jẹ́. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá Àkànmú, wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Má jù ú nù. Ìwé ẹ̀kọ́ rẹ nìyẹn."

Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀.

Alhájà Sìdíkátù ló gbé ìwé inú páálí yẹn wá fúnra wọn láti Ẹlẹ́yẹlé. Àwọn ni obìnrin tó dàgbà jù nínú ìdílé wọn. Bàbá wọn tó jẹ́ áàfáà ló fi tàdáwà tí wọ́n pò nílé kọ ọ́, Yorùbá ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà kéwú ni wọ́n fi kọ ọ́, èyí tí à ń pè ní anjẹmi. Bébà mẹ́tàlélógójì ni mo kà. Ọ̀kan nínú wọn, ìkejìdínlógún, nípọn ju àwọn yòókù lọ.

Ọ̀gá wa, tí wọn ò tíì pé oṣù mẹ́ta lórí àga náà, wò mí títí. "Ìyá Bísí, ìdílé náà ń bọ̀ wò ó lọ́jọ́bọ̀. Ṣé bébà tó ń ya yìí la máa tẹ́ síwájú wọn?"

"Ẹ jẹ́ ká tẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, sà."

"Mo fẹ́ dáàbò bò ó ni o."

"Bó bá ti wọ ọ̀rá, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ mọ́. Èyí tó nípọn yìí, ó jọ pé méjì ló lẹ̀ mọ́ra. Bí ẹ bá fi iná lẹ̀ ẹ́, ohun tó wà láàárín wọn parí nìyẹn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Yunifásítì wo lẹ ti kọ́ ọ?"

"Agbowó ni mo ti kọ́ ọ, sà."

Kí aago méjì tó lù, kúẹ́rì ti dé ọwọ́ mi, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń bi òṣìṣẹ́ pé kí ló dé tí a ò fi ní bá a wí. Wọ́n fún mi ní wákàtí méjìdínláàádọ́ta láti fèsì. Bísí ń múra ìdánwò àtiwọ yunifásítì, iṣẹ́ yìí nìkan ni mo sì fi ń tọ́ ọ.

Ó ka kúẹ́rì náà nílé. Ó ní, "Màámi, ẹ kàn gbé e lọ. Ṣebí bébà ni."

Mo wọlé, mo mú ìwé-ẹ̀rí ìbí àtijọ́ náà jáde. Kò rí i rí. Ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Orúkọ mi dà?"

"Èmi ni mo fà á ya. Mo fi ọ̀rá bò ó kó má bàa bàjẹ́."

Ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúẹ́rì náà, ó ní, "Ẹ kọ èsì yín. Ẹ jẹ́ kí n bá yín wo sípẹ́lì."

Ìlà mẹ́rin ni mo kọ: Ọ̀gá pàṣẹ fún mi. Mo kọ̀. Mo ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹlòmíràn gbé e lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọwọ́ sí ìwé pé ẹ̀yin lẹ rán an. Ọ̀gá kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Páálí náà kò kúrò lórí tábìlì mi.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, mo jókòó ti bébà kejìdínlógún. Mi ò lo omi, nítorí omi máa ń fọ tàdáwà lọ. Mo ki ọbẹ ọparun bọ etí rẹ̀, mo ń tì í díẹ̀díẹ̀, mo ń dúró kí n mí. Ó là ní ọ̀sán Ọjọ́rú. Bébà méjì ni lóòótọ́, ìkọ̀wé sì kún inú rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, Alhájà wá pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin tó ń fọ̀pá rìn. Ọ̀gá wa kí wọn, wọ́n ní, "Ẹ má bínú, Alhájà, ìwé yín ì bá dára ju báyìí lọ. Òṣìṣẹ́ wa kan ló ń ṣe agídí."

"Ta ni alágídí ọ̀hún?"

"Èmi ni, mà."

"Súnmọ́ mi. Kí ló fa agídí náà?"

Mo tẹ́ bébà méjèèjì tí mo yà síwájú wọn. Wọ́n fi ìka tọ ìlà inú rẹ̀ láìfọwọ́ kan bébà, ètè wọn ń mì. Ìka náà dúró. Wọ́n wá kà á sókè: "A bí Sìdíkátù, ọmọ Ràbíátù, ní òwúrọ̀ Jímọ̀, kí oòrùn tó yọ, nígbà tí à ń kórè àgbàdo."

Wọ́n yíjú sí ẹ̀gbọ́n wọn. "Ẹ ní Bàbá kì í kọ orúkọ obìnrin sílẹ̀."

"Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn."

"Ta ló wá kọ eléyìí?"

Ẹ̀gbọ́n wọn tẹ̀ ba, wọ́n wò ó pẹ́. "Ìkọ̀wé Bàbá ni. Má bínú, àbúrò mi."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo tún àkọsílẹ̀ páálí náà ṣe: bébà mẹ́rìnlélógójì. Ibẹ̀ ni mo wà tí ọ̀gá fi wọlé pẹ̀lú kúẹ́rì mi lọ́wọ́.

"Ìyá Bísí, ọ̀rọ̀ yìí ti tán. Ẹ jẹ́ kí n kúkú ya á dànù."

"Rárá, sà. Ẹ fi í sínú fáìlì mi, kí ẹ sì so èsì mi mọ́ ọn."

"Ṣé ẹ fẹ́ kó tẹ̀lé yín dé ìfẹ̀yìntì ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mi ò tíì ya ìwé ẹnikẹ́ni dànù níbí. Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ lórí tèmi."

Wọ́n wò mí, wọ́n mi orí. Wọ́n wá na ọwọ́ sí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gún ìwé pọ̀.

Mo ní, "Ẹ má fi irin gún un, sà. Irin máa ń dípẹtà."

Mo fún wọn ní okùn òwú.