Ìbọn Tuntun Tàbí Ẹ̀rọ Ọta

Ọmọ mi obìnrin ní kí n yan ọ̀kan nínú méjì lónìí, ó sì ti yàn án fún mi.

Ìbọn ìléwọ́ tuntun, tàbí ẹ̀rọ tí n ó fi máa ki ẹ̀tù sínú ọta fúnra mi. Mo ní ẹ̀rọ ni mo fẹ́. Bàbá mi, àgbẹ̀, kò fi ọta tí ẹlòmíràn kì yìnbọn rí.

Ọmọ mi ní, "Bàámi, ẹ̀tù ò ní wọ ilé mi."

"Bàbá mi tọ́jú tirẹ̀ títí ó fi kú, kò jóná."

"Bàbá àgbà ní abà tí wọ́n ń kó o sí lóko. Ẹ̀yin, ẹ̀gbẹ́ bọ́ílà mi, ẹ̀rọ tí ń fi iná se omi, lẹ ń sùn."

N kò ní ra ọta tí àjèjì kì. N kò sì ní ilé mìíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé ọmọ, kí lẹ máa ń sọ nígbà tí òótọ́ bá wà lẹ́nu ọmọ?