Apá Òsì Tí Kì Í Sọ̀rọ̀

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo tò sórí ìlà nídìí obìnrin oní-POS kan ní Ìbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó de hẹ́ẹ́dìsẹ́ẹ̀tì ńlá dúdú mọ́rí ló dúró níwájú mi. Orin ń jò jáde létí rẹ̀, ṣìn-ìn, ṣìn-ìn, bí ìgbà tí ẹ̀fọn bá há sínú agolo. Obìnrin náà pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn. Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo ti pe ẹnìkan bẹ́ẹ̀ rí tí kò dáhùn, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí mo sì rò pé ìgbéraga ni.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè má mọ ayé tí mo ń sọ. Ẹ̀yin kàn ń tẹ fóònù, orin ń dé láti ojú ọ̀run. Nígbà tiwa, a máa ń mú mẹ́mọ́rì kádì lọ bá ọkùnrin kan nínú kọ̀ǹténà ní Òkokòmáìkò, òun ni yóò ki orin sínú rẹ̀ láti inú kọ̀ǹpútà tí eruku ti bò. Kì í bi wá léèrè orin tí a fẹ́. Èyí tó bá kì sí i ni a ó máa gbọ́ fún odindi oṣù kan, a ó sì fẹ́ràn rẹ̀ tipátipá. Ilé oníyàrá méjìlá ni ilé wa ní Ìbà, jẹnẹrétọ̀ mẹ́sàn-án ló sì wà níbẹ̀, tí ìkọ̀ọ̀kan wọn ń pariwo láti fi hàn pé olówó òun kì í ṣe òtòṣì. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá rí ohun tí yóò fi dí etí rẹ̀, ọba ni.

Ọba tiwa ni Bùrọ̀dá Délé, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó yá yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Ó ní hẹ́ẹ́dìsẹ́ẹ̀tì kan tó máa ń gbé kọ́rùn lọ sí kíláàsì, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àti lọ sí ilé ìwẹ̀. A máa ń jókòó tì í kí ó lè wàásù fún wa nípa béèsì àti tírẹ́bù, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè inú orin. Ọjọ́ tí okùn rẹ̀ yọ bọ́ láti inú àpò ni a tó rí i pé kò so mọ́ nǹkan kan. Síbẹ̀, òun ló kọ́ wa ní òfin kan ṣoṣo tí gbogbo àdúgbò gbà: "Ẹ gbé e lọ́wọ́ wò. Tó bá ti wúwo, oríjínà ni."

Sàkírù, ọ̀rẹ́ mi, gba òfin náà gbọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ará Ìṣẹ́yìn ni wọ́n, ìyá rẹ̀ sì ń ta abọ́ àti ike ní Ìyànà-Ìbà. Ohun kan ṣoṣo tí Sàkírù fẹ́ láyé ni kí ó jókòó nídìí míńsà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe níbi ayẹyẹ. Ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn háyà ní Igbó-Ẹlẹ́rin ti ṣèlérí pé òun yóò gbà á síṣẹ́ lẹ́yìn ìdánwò àṣekágbá, bí ó bá ti ní hẹ́ẹ́dìsẹ́ẹ̀tì gidi tirẹ̀. "Etí ni iṣẹ́ yìí o," ni ọkùnrin náà wí, ó sì fi ìka kan Sàkírù létí.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé íápíìsì kì í pẹ́ lọ́wọ́ Sàkírù. Láàárín ọdún kan, ó ti ra méje nínú àwọn tí wọ́n ń tà lójú títì, ẹ̀gbẹ́ òsì gbogbo wọn ló sì kú. Ó ń kó òkú wọn pamọ́ sínú ọ̀rá dúdú kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bí ẹni ń tọ́jú ẹ̀rí de ọjọ́ ìdájọ́. "Àwọn ará Ṣáínà yìí kò fẹ́ràn apá òsì rárá," ni ó máa ń wí. A ó bú àwọn oníṣòwò, a ó bú àwọn aṣọ́bodè, a ó bú ìjọba. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà nìyẹn: bí nǹkan bá ti bàjẹ́, fékì ni, ayédèrú. N kò fi ọ̀kankan nínú wọn sí etí tèmi wò rí, nítorí etí Sàkírù máa ń ṣe ọyún, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n kì í yá íápíìsì rẹ̀. N kò béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé apá òsì mi ló ti máa ń rìn nígbà gbogbo, tàbí ìdí tí ọ̀kadà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a lẹ́ẹ̀mejì lójú títì márosẹ̀, tí àwọn ọlọ́kadà sì ń bú u pé adití ni. Èébú ni a pè é. Bí èmi náà bá sì pè é láti ẹ̀yìn tí kò dáhùn, ìgbéraga ni mo kà á sí.

Ní Sátidé kan lẹ́yìn ìdánwò, a gba ọjà ẹ̀rọ lọ ní Ọ̀jọ́. Ojú ọ̀run ṣú, òjò kò sì rọ̀. Owó ọwọ́ Sàkírù kò tó ra èyí tó wà nínú páálí dídán, ó sì ju ti àwọn tí wọ́n ń so rọ̀ sára igi lọ. Èmi tẹ̀lé e kí n lè bá a ka Gẹ̀ẹ́sì ara páálí, nítorí pé mo máa ń gba A nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn sì ti mú kí n gbà pé mo mọ ohun gbogbo.

Ọmọ Ìgbò kan tó gbọ́ Yorùbá dé orí èébú ló ni ìsọ̀ tí a yà sí. Hẹ́ẹ́dìsẹ́ẹ̀tì kan tó ti fọ́ wà lórí káúńtà rẹ̀. Mo yọjú wo inú rẹ̀: irin pẹlẹbẹ méjì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, wọn kò so mọ́ wáyà kankan, iṣẹ́ wọn kò sì ju kí nǹkan náà lè wúwo lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ rà á. Bí òfin Bùrọ̀dá Délé ṣe kú nìyẹn. Nígbà tí èmi náà dé yunifásítì, mo bá ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n pàdé tí wọ́n ṣe lọ́nà kan náà: wọ́n wúwo, wọn kò sì so mọ́ wáyà kankan.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀," ni ọlọ́jà wí. "Kọ́sítọ́mà, etí ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ọwọ́."

Ó fún Sàkírù ní ọ̀kan. Sàkírù tẹ́tí, ó mi orí. "Òsì kò sọ̀rọ̀."

Ó fún un ní òmíràn. "Òsì kò sọ̀rọ̀."

Nígbà tó di ẹ̀karùn-ún, ọlọ́jà fárígá. "Ṣé àwọn àna mi ló rán ẹ wá ni? Gbogbo ọjà mi ni òsì rẹ̀ yadi?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ̀yin náà kúkú mọ ohun tí ẹ ń tà," ni mo dá a lóhùn, èmi ológo Gẹ̀ẹ́sì.

Ó já a gbà lórí Sàkírù, ó dé e mọ́ mi lórí. Mo gbọ́. Òsì ń sọ̀rọ̀, ọ̀tún ń sọ̀rọ̀. Gìtá àti ìlù mọ́ kedere bí ẹni pé àwọn olórin náà jókòó sí mi léjìká. N kò gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. Mo ní kí Sàkírù yí i padà, kí èyí tó wà lọ́tùn-ún bọ́ sí òsì. Ó yí i. Ó dúró. Ó tún un yí.

"Òsì náà ni," ó wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọlọ́jà kò bú wa mọ́. Ó wo etí Sàkírù, ó wò mí, ó sì gé owó ọjà náà sí ìdajì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ná an. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí oníṣòwò ọjà yẹn bá já owó wálẹ̀ kí ẹ tó la ẹnu, ẹ sá. Nǹkan búburú ti ṣẹlẹ̀.

A rà á. Nígbà tí a ń bọ̀ nílé, Sàkírù dì mí lọ́rùn ọwọ́ mú. "Bí o bá fi lè sọ fún màámi, Ìṣẹ́yìn ni. Wọ́n á ní kí n lọ máa hun aṣọ òfì lọ́dọ̀ bàbá àgbà. Míńsà ti lọ nìyẹn. Búra."

Mo búra. Nígbà tí a délé, mo ní kó gbé ọ̀rá dúdú náà wá. A fi aṣọ nu méjèèje, mo sì fi wọ́n sí etí mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀, tòsì tọ̀tún. Kò sí òkú kankan nínú wọn.

Mo pa ẹnu mọ́ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Lójoojúmọ́ ni Sàkírù ń fi hẹ́ẹ́dìsẹ́ẹ̀tì náà gbọ́ orin, tó sì ń gbé ohùn rẹ̀ sókè sí i, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí àwọn onílé ti kó kúrò. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo rí i pé tìmùtìmù ẹ̀gbẹ́ òsì ti rin. Ọyún ni, ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Sàkírù ní ọ̀tún náà ti ń hó. Mo gba ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ ní Ìyànà-Ìbà.

"Etí wo?" ni wọ́n bi mí.

"Òsì, mà. Ọ̀tún ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n jókòó sórí ike tí wọ́n ń tà. "Láti ìgbà ààwẹ̀ ni mo ti ń kán àdín gbígbóná sí i. Ó ní ó ti san. Ó ń dá mi lóhùn o! Ṣebí ó máa ń dá mi lóhùn?"

Ẹnu wọn ni ó ń wò kí ó lè mọ ohun tí wọ́n ń sọ, kò sí ẹni tó mọ̀.

Dókítà ní òsì ti lọ, àrùn náà sì ti ń jẹ egungun ẹ̀yìn etí lọ sọ́nà ọpọlọ. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì tọ́jú ọ̀tún, ó yè. Ọkùnrin Igbó-Ẹlẹ́rin gbọ́, ó sì gba ọmọ ẹlòmíràn síṣẹ́. Ọjọ́ tí Sàkírù ń lọ sí Ìṣẹ́yìn, mo bá a gbé báàgì dé ẹ̀bá títì. Nígbà tí ọkọ̀ dé, ó kọjú sí mi. "Ìwọ tí o ní etí méjì," ó wí, "o kò lè ṣọ́ ẹnu ẹyọ kan."

Ìbà ti yí padà. Sólà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn jẹnẹrétọ̀, ọkùnrin inú kọ̀ǹténà ti di àwátì, hẹ́ẹ́dìsẹ́ẹ̀tì kò sì ní okùn mọ́ tí yóò tú àṣírí àwọn Bùrọ̀dá Délé. Àmọ́ wọ́n ṣì ń kán àdín sí etí ọmọ, a sì ṣì ń bú ọjà kí a tó wo ara wa. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ní kí n bá wọn yan èyí tó dára tí kò wọ́n, mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ fún ẹlòmíràn gbọ́. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ nípa ọjà ni.

Lọ́dún tó kọjá, mo rí Sàkírù ní Òkokòmáìkò, ó gbé ìdì aṣọ òfì lé èjìká. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà, lápá òsì. Mo pe orúkọ rẹ̀, mo tún un pè. Kò yíjú. Mo lè yí sí ọ̀tún rẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ni. N kò yí. Bí ó bá jẹ́ pé kò gbọ́, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbọ́ ńkọ́?