Ọ̀rọ̀ Tí Ọmọ Mi Dá Sílẹ̀

Ẹ̀rín ló gba Yorùbá lẹ́nu ọmọbìnrin mi, èmi náà sì wà lára àwọn tó rín in. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ó rí uncle tó máa ń ṣílẹ̀kùn fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó pè wọ́n ní "oníṣílẹ̀kùn" dípò "aṣílẹ̀kùn." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Uncle ní kó tún un sọ, ó tún un sọ, a tún rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń sọ.

Ìyá mi tó wà ní Abẹ́òkúta kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Tí wọ́n bá pè lọ́jọ́ Sunday, ọmọ á kàn máa wò wọ́n nínú fóònù. "Àbí kò fẹ́ràn mi ni?" ni wọ́n bi mí lọ́jọ́ kan. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an.

Ní Lilburn, ìlú òyìnbó tí à ń gbé, màmá àgbà kan láti orílẹ̀-èdè Croatia ló múlé tì wá, wọ́n ń tọ́ ọmọ-ọmọ wọn. Bí àwa ṣe ń fi "oní" ṣáájú ọ̀rọ̀, ìdí ọ̀rọ̀ ni àwọn ń so irú rẹ̀ mọ́ ní èdè tiwọn, bí màmá ṣe ṣàlàyé fún mi. Ọmọ-ọmọ wọn sì ń so ó mọ́ ohun gbogbo, ì báà tọ́, ì báà má tọ́. Màmá kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n á kàn fi ọ̀rọ̀ tó tọ́ dá a lóhùn, eré á sì máa lọ. Mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀.

"Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́lé," ni wọ́n wí. "Bíríkì kan péré ló gbé síbi tí kò yẹ."

Ojú tì mí. Lọ́jọ́ Sunday, mo lọ bá uncle.

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọmọ mi rẹ́rìn-ín mọ́."

"Ah-ah, play lásán ni now."

"Mo mọ̀, sir. Ṣùgbọ́n ó tó."

Àwọn kan ní mo ti ń gbéra ga. Kí wọ́n máa wí. Nínú mọ́tò, bí a bá ń lọ sí daycare, màá sọ Yorùbá, ọmọ á fi Gẹ̀ẹ́sì fèsì, màá tún sọ Yorùbá. Olórí kunkun méjì ni wá.

Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọjá. Ìyá mi tún pè. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé ohunkóhun tí ọmọ bá sọ, kí wọ́n má rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o mọ̀ mí?" ni wọ́n bi í.

Mo ti nawọ́ láti gba fóònù kó tó sọ pé, "Ẹ̀yin ni Grandma onífóònù."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

"Èmi náà ni, ọmọ mi," ni ìyá mi wí.

Lọ́jọ́ Monday, mo tọrọ ìsinmi níbi iṣẹ́. Màá gbé ọmọ mi lọ sílé ní Abẹ́òkúta, kó jókòó lórí itan ìyá mi, kó sì wá orúkọ mìíràn fún wọn.