Bí Eré Sísá Ṣe Sọ Mí Di Ìyá Ọlọ́mọ

Ṣòkòtò tí mo fi ṣe ìgbéyàwó ló fa gbogbo rẹ̀. Mo fà á dé itan, ó kọ̀, kò gòkè mọ́. Mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá ní ilé ìwé tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ìwó, mo rò pé yóò bá mi kẹ́dùn. Ńṣe ló lọ fi orúkọ mi sílẹ̀ fún eré ìje tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú fẹ́ ṣe, láti Ìwó dé Ilé-Ogbó, ká tún sá a padà.

"Oṣù mélòó kan ṣì wà níwájú," ló wí. "Máa sá a díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń lé ẹ."

Òun nìkan ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ọ̀nà Kúta kò mọ̀. Lójú tiwọn, àgbàlagbà tó bá ń sáré ní ìdájí, ìròyìn burúkú ló ń gbé lọ. Àwọn ọlọ́kadà á rọra máa tẹ̀ lé mi: "Tíṣà, ẹ gùn ún, ọ̀fẹ́ ni." Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sáré kọjá lára màmá kan tó ru agbọ̀n ẹ̀gẹ́. Kò pẹ́, mo gbọ́ ẹsẹ̀ gbì-gbì-gbì lẹ́yìn mi. Màmá ti sọ agbọ̀n kalẹ̀, wọ́n ká ìró sókè dé orúnkún, wọ́n ń sá bọ̀. Wọ́n bá mi, wọ́n tiẹ̀ fẹ́ yà mí sílẹ̀, kí wọ́n tó bi mí pé, "Ọmọ mi, kí ló ń lé wa ná?"

"Màmá, kò sí nǹkan kan. Mo kàn ń ṣe eré ìdárayá ni."

Wọ́n dúró, wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé ìyàwó ẹ mọ̀ pé o wà níta?"

Ìyàwó mi mọ̀, àmọ́ oyún rẹ̀ ti wúwo, kò ráyè tèmi. Nígbà tí ọjọ́ eré kù sí dẹ̀dẹ̀, ó bí ọmọbìnrin, ìyá rẹ̀ sì dé láti Kúta láti wá máa wẹ ọmọ. Mo máa ń bẹ̀rù màmá yìí gan-an. Olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ni wọ́n ní ìjọ Onítẹ̀bọmi wọn, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bí mo bá sì dọ̀bálẹ̀ fún wọn, wọ́n á jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó ní kí n dìde.

Ohun tí wọ́n bá nílé wa kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ọkọ ọmọ wọn ń jáde ní ìdájí láìjẹun, ó sì ń padà wálé bí ẹni tí òjò pa. Wọ́n bi ọmọ wọn bóyá kò sí oúnjẹ nílé. Ìyàwó mi ní kí n fẹnu ara mi ṣàlàyé. Mo sọ ohun tí ọ̀rẹ́ mi kọ́ mi: pé ẹni tó fẹ́ sáré ọ̀nà jíjìn á jẹ oúnjẹ tó ń fúnni lágbára dáadáa lọ́jọ́ tó ṣáájú, bí iṣu tàbí ìrẹsì, láàárọ̀ eré, ohun tó fúyẹ́ ni, kó sì ti dà nínú kí wọ́n tó fọn fèrè.

Màmá rọra mi orí. "Iṣu," ni wọ́n wí. Ibẹ̀ ni etí wọn dúró sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ eré, ariwo odó ló jí mi. Iyán ti wà lórí tábìlì, ó funfun, ó ga, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màmá jókòó tì í.

"Màmá, ẹ ṣeun, àmọ́..."

"Ẹ jẹun, bàbá ọmọ wa. Ilé-Ogbó jìnnà."

Ta ni yóò kọ oúnjẹ ìyá ìyàwó rẹ̀ lójú rẹ̀? Mo jẹ ẹ́ tán.

Èmi àti iyán la jọ gbéra. Títí a fi jáde nílùú, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà, bí mo bá fò, òun náà á fò. Bí mo bá ti balẹ̀ tán, òun á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá balẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ń gún mi. Mo rò pé omi ni yóò tì í lọ sísàlẹ̀, mo bá ń gba omi tútù lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó nà án sí mi. Kí n tó dé Ilé-Ogbó, mo ti yà sínú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Àfi bí olóko ṣe yọ. Ó wo nọ́ńbà tó wà láyà mi, ó wo bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀, ó kọjú síbòmíràn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí.

Ara mi fúyẹ́ nígbà tí mò ń bọ̀, mo tiẹ̀ ti ń yọ̀, àfi bí pajápajá ṣe mú mi lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Mo ń tiro bọ̀ nígbà tí wọ́n ń tú àtíbàbà. Ọ̀rẹ́ mi nìkan ló kù tó ń pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Òógùn ti gba iyọ̀ ara ẹ tán, omi lásán lo sì ń dà sí i."

Nílé, mo dọ̀bálẹ̀ kí màmá. Wọ́n ní, "Ẹ dìde." Mi ò dìde. Wọ́n tún un wí.

"Màmá, mi ò lè dìde ni."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ẹ̀rín wọn. Omi gbígbóná tí wọ́n fẹ́ fi jó ìyàwó mi wà lórí iná, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ fi jó. Wọ́n tẹ́ ẹní fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń ti táwẹ́lì gbígbóná mọ́ mi nítan, mò ń ké. Wọ́n fi òrí pa mí lẹ́sẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti ọbẹ̀ ẹja aláta fún mi. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

"Màmá, ẹ má gbàgbé láti fi ọ̀já dì í nínú o."

Àwàdà ló ń ṣe. Màmá ò mọ̀ ọ́n láwàdà. Wọ́n dì í.

Bí mo ṣe wà nìyẹn tí àwọn ìyá ìjọ wọlé wá kí ìyá ọlọ́mọ. Èyí tó dàgbà jù wo ìyàwó mi, wọ́n wo èmi, wọ́n wo ọ̀já.

"Ẹ kú ewu o," ni wọ́n wí. "Èwo gan-an ló bímọ nínú yín?"

Nígbà tí mo ní mo fẹ́ sáré lọ́jọ́ kejì, màmá fi àga dí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ mi náà ní ìsinmi wà lára iṣẹ́, pé ìgbà téèyàn bá sinmi ni ẹsẹ̀ ń lágbára. Mo sinmi títí ìrora fi lọ. Látìgbà náà, màmá á bi mí lálẹ́ bóyá ibi tí mò ń lọ lọ́la jìnnà. Bó bá jìnnà, wọ́n á gbé ògì àti àkàrà díẹ̀ fún mi kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á po ṣúgà àti iyọ̀ táṣẹ́rẹ́ sínú omi tí n ó mú dání. Ìbẹ̀rù wọn kúrò lára mi. Ta ni yóò tún máa bẹ̀rù ẹni tó ti dì í lọ́já?

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń padà sí Kúta, mo sìn wọ́n dé ìdí kẹ̀kẹ́. Wọ́n dúró, wọ́n ní, "Ṣé obìnrin ń sá eré yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, màmá."

"Àwọn ìyá àgbà ńkọ́?"

"Àwọn náà ń sá a."

Wọ́n tún gèlè ṣe, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́, wọ́n wá yọ orí síta.

"Ẹ bá mi wo bàtà," ni wọ́n wí. "Ẹsẹ̀ mi ò tóbi."